Àyè Ẹni Tí Kò Tíì Dé

"Àyè ta nìyí?"

Awakọ̀ ló bèèrè. Ó na ìka sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá òsì, níbi tí báàgì aláwọ̀ ewé kan jókòó sí bí èrò tó ti sanwó. Àyè méjì péré ló kù nínú ọkọ̀ èrò Sfax tí wọ́n ń pè ní louage, ìyẹn àti ti àárín tó há gádígádí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, louage kò sì ní í kúrò ní Tunis títí yóò fi kún. Awakọ̀ wo ojú èrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń tẹ fóònù, ọ̀kan dijú bí ẹni tó ń sùn, ìyá àgbà kan ń fa tẹ̀súbáà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.

"Ó dáa. Ìwọ tó ń jẹun yẹn, wọlé jókòó."

Wajdi wọlé. Ó gbé báàgì náà sílẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jókòó, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ, búrẹ́dì díndín tí wọ́n ki ẹja àti ata hárísà sí nínú. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹ ẹ́. Láàárín àjèjì, kò sẹ́ni tó ń na èèyàn ní ìka. Nílé ìyá rẹ̀ àgbà, wọ́n ti nà án tó.

Ibẹ̀ ni ó ti rí ọmọbìnrin kan.

Ó ń sáré bọ̀ láàárín àwọn ọkọ̀, ìgò omi tútù lọ́wọ́ kan, ìdì òdòdó jásímínì lọ́wọ́ kejì, awò ojú rẹ̀ sì ti gun orí irun lọ. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé etí irun rẹ̀ ń dán bíi wáyà bàbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Wajdi gbàgbé pé oúnjẹ wà lẹ́nu òun.

"Ẹ jọ̀ọ́, orí àyè mi lẹ jókòó sí."

"Awakọ̀ bèèrè pé àyè ta ni. Kò sẹ́ni tó dáhùn."

"Báàgì mi ò lẹ́nu. Àbí ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Mo rò pé ẹnì kan gbàgbé rẹ̀ ni."

"Ẹ wá fi epo ata sàmì sí i lára, kí ẹni náà má baà gbàgbé mọ́."

Wajdi wolẹ̀. Epo pupa ti ya bí erékùṣù sára báàgì náà. Ó fò dìde, ó forí sọ òrùlé ọkọ̀, ìyá àgbà sì rẹ́rìn-ín débi pé ìlẹ̀kẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Wajdi sún sí àyè àárín, ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọkọ̀ gbéra. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Wajdi bá gbé búrẹ́dì sẹ́nu, ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ a gbá ọmọbìnrin náà ní ìhà. Nígbà tí wọ́n dúró ra epo, ọmọbìnrin náà kọjú sí i.

"Ẹ dìde."

"Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ọ́mọ̀—"

"Mo ní ẹ dìde, ká pààrọ̀ àyè. Alòsì, igun apá òsì ni wọ́n ń fún un, kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lè ríbi gbà."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àyè yín padà lọ́wọ́ mi, ẹ tún ń fún mi?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé tèmi ni."

Wajdi pààrọ̀ àyè pẹ̀lú rẹ̀. Ó dúpẹ́, ọpẹ́ náà sì jinlẹ̀ ju bí ọmọbìnrin náà ti mọ̀ lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kó yí ọwọ́ padà. Ẹnikẹ́ni kò tíì bá a yí àyè padà rí.

Kí wọ́n tó kọjá Sousse, wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn. Chiraz lorúkọ tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Sfax ló ti ń ṣe bọ́ọ̀dù, àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gba Wajdi sí iṣẹ́, láti máa tọ́jú kánẹ́lì, ètò tó ń darí inú kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ ni ẹni kánẹ́lì tí ọ̀gá ń retí?" ni Chiraz pariwo.

"Ìwọ ni ẹni bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó máa ń bú èèyàn?"

"Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi. Ẹni kánẹ́lì nìkan ni mo máa ń bú."

*

Àpótí kọ̀ǹpútà kan ló gbé Wajdi dé Sfax. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ni àpótí náà ń gbé, ọkọ̀ tó ń kó èèyàn àti mọ́tò lọ sí erékùṣù Kerkennah. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó.

Nínú àpótí náà, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ẹ̀yà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kánẹ́lì ló ń ṣàkóso gbogbo wọn. Òun ni ọkàn ètò náà, òun ni í kọ́kọ́ jí tí iná bá dé, bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bá sì ti ń jí, yóò fún un ní nọ́ńbà. Ojú gíláàsì tó wà níwájú ọ̀gá ọkọ̀ kò mọ ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ló mọ̀. Ohun tó ń bèèrè kò ju kí wọ́n gbé ohun tó wà lọ́nà kejì wá. Ẹ́ńjìnnì ló ni ọ̀nà kejì. Ṣùgbọ́n láwọn àárọ̀ kan, ohun tó ń ti ọ̀nà kejì wá kì í ṣe ooru ẹ́ńjìnnì.

"Àpótí yín ń purọ́ fún mi," ni ọ̀gá ọkọ̀ sọ. Lazhar ni wọ́n ń pè é, bàbá Chiraz ni, ọkùnrin tí oòrùn òkun ti sun bíi ìkòkò. "Ẹ́ńjìnnì ń rú èéfín, àpótí ní ara rẹ̀ tutù bí omi òkun."

"Omi òkun gan-an ló ń wọ̀n nígbà yẹn, Bàbá," ni Chiraz wí.

"Ta ló rán an níṣẹ́ omi òkun?"

Chiraz wo Wajdi. Wajdi wo ilẹ̀.

"Tó bá tún purọ́ fún mi lẹ́yìn oṣù yìí, inú òkun ni mo máa jù ú sí. Òun àti ará Tunis tó ń tọ́jú rẹ̀. Ará Tunis, atẹ́gùn ni. Ó fẹ́ dé, ó fẹ́ lọ."

Bí àpótí bá kúrò nínú ọkọ̀, iṣẹ́ Wajdi ní Sfax dópin nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan ní Munich sì ti ń pè é, ibi tí iṣẹ́ dára, tí owó pọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Munich kò ní. Ohun náà ń gbé tíì wá fún un láràárọ̀, a sì máa gbé ife náà sí apá òsì kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ almọ́ńdì nínú tíì?" ni Wajdi bi Chiraz lọ́jọ́ kan.

"Bó o ṣe máa ń jẹ tèmi tán ló sọ fún mi, olè."

Wajdi kọ́kọ́ ní kí kánẹ́lì máa dúró díẹ̀ kó tó pín nọ́ńbà. Lórí tábìlì, ó ṣiṣẹ́. Nínú ọkọ̀, ó kùnà, nítorí pé ìgbà mìíràn ẹ́ńjìnnì a pẹ́ jí ju ìdúró náà lọ. Ó tún un tò, ó tún kùnà. Oṣù ń parí lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, òun àti Chiraz jókòó sórí àga gígùn níta ọkọ̀, wọ́n ń ti erékùṣù bọ̀. Wajdi ń fi ọwọ́ òsì jẹ ọ̀pọ̀tọ́, ẹyẹ òkun ń tẹ̀ lé wọn, Lazhar sì wà lókè lójú fèrèsé níbi tó ti ń tukọ̀.

"Tún sọ ọ́ fún mi bíi pé mi ò mọ nǹkan kan," ni Chiraz wí. "Ta ló ń gba nọ́ńbà kejì mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́?"

"Ẹ̀yà tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà àti bí omi òkun ṣe gbóná tó. Wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, kò sí lára bọ́ọ̀dù rẹ. Ó gbé ọ̀nà tirẹ̀ dání, láwọn àárọ̀ kan ó sì máa ń tètè jí."

"Kánẹ́lì wá fún un ní nọ́ńbà wo?"

"Èyí tó bá ṣófo."

"Tó ṣófo lójú ta?"

Wajdi gbé ọ̀pọ̀tọ́ dúró lágbede méjì ẹnu.

"Mo ti kọ ọ́ sínú àpèjúwe bọ́ọ̀dù pé ẹ́ńjìnnì ló ni nọ́ńbà kejì," ni Chiraz wí. "Báàgì mi wà lórí ìjókòó, Wajdi! Kánẹ́lì rẹ bèèrè pé àyè ta nìyí, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó bá ní kí ẹni tó ń jẹun wọlé."

Wajdi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dì mọ́ Chiraz kó tó rántí pé bàbá rẹ̀ wà lókè, ó sì yára tú u sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

Ìdúró kọ́ ni kánẹ́lì nílò. Kó tó fún àjèjì kankan ní nọ́ńbà, kó kọ́kọ́ wo gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n ti ṣèlérí, kó wá bẹ̀rẹ̀ ti àjèjì láti òkè èyí tó ga jù nínú wọn. Àyè tí a ti ṣèlérí kì í ṣe àyè tó ṣófo, bí ẹni tó ni ín kò tilẹ̀ tíì dé. Wajdi kọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kò sì ju ìlà díẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, Lazhar a pa gbogbo iná, a tún un tàn, a sì pariwo láti òkè pé, "Kò purọ́ lónìí!" Oṣù parí, àpótí kò wọ òkun.

*

Àwọn tó ń tún kánẹ́lì ṣe káàkiri ayé ní àṣà kan. Bí ẹnì kan bá fi àtúnṣe ránṣẹ́, yóò kọ orúkọ àwọn tó ràn án lọ́wọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó rí àṣìṣe àti ẹni tó dán àtúnṣe wò. Bí àtúnṣe náà bá wọlé, àwọn orúkọ wọ̀nyẹn wọlé pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn.

Wajdi fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè bá a jiyàn díẹ̀, ó tún ibì kan ṣe, wọ́n gbà á. Ó gun òkè ọkọ̀ lọ bá Lazhar pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ wò ó. Chiraz ló rí àṣìṣe, orúkọ rẹ̀ nìyí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni tiyín."

"Tèmi? Kí lorúkọ mi ń wá níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ dán an wò láràárọ̀. Mo dúpẹ́, Bàbá."

Lazhar fi ìka tó nípọn kan orúkọ rẹ̀ lórí gíláàsì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kan ọmọ ọwọ́.

"Ṣé wọ́n lè yọ ọ́ kúrò lọ́la?"

"Wọn ò lè yọ ọ́ mọ́."

Ọkùnrin náà kọjú sí òkun. Nígbà tó yá, ó fọn fèrè ọkọ̀ kíkankíkan, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níwájú wọn.

Wajdi ti jẹun nílé wọn ní erékùṣù lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Àyè àlejò ni wọ́n ń fún un, lápá ọ̀tún Lazhar, nídìí àwo ńlá kan náà tí gbogbo wọn jọ ń jẹ. Nítorí ọ̀wọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fi di ṣíbí mú níbẹ̀, kúskús a sì máa dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí oúnjẹ adìẹ. Chiraz a máa gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí Lazhar fọn fèrè, Wajdi rí ohun tuntun kan. Ní igun tábìlì kúkúrú tí àwo náà wà, tìmùtìmù kan wà tí kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Wọ́n ti gbé ife àti ṣíbí síwájú rẹ̀.

"Àyè ta nìyí?" ni ó bèèrè.

Lazhar ń gé búrẹ́dì. Ìyá Chiraz ń bu omi. Chiraz tẹjú mọ́ àlùbọ́sà inú àwo bíi pé kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Zohra, àbúrò Lazhar lóbìnrin, ló wá lanu. "Mehrez ọmọ mi ń bọ̀ láti Palermo. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n kéré, Chiraz la máa ń pè ní ìyàwó rẹ̀?" Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Orí Wajdi kì í sinmi. Bó bá ti rí nǹkan méjì, yóò so wọ́n pọ̀. Ó so àyè tó ṣófo pọ̀ mọ́ Mehrez tó ń bọ̀, nítorí nílẹ̀ wọn ọmọ ẹ̀gbọ́n lè fẹ́ ọmọ àbúrò, oúnjẹ sì di iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń gbèrò láti ní kí ìyá òun wá láti Tunis wá tọrọ Chiraz, nítorí ilé ọkùnrin ló ń kan ilẹ̀kùn, ilé ọmọbìnrin kì í na ọmọ síta. Ṣùgbọ́n ta ní í rán ìyá rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí ẹlòmíràn ti gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

Jímọ̀ kejì, àyè náà tún wà bẹ́ẹ̀. Kò bèèrè mọ́.

Ó sọ fún Chiraz ní èbúté, níbi tí mọ́tò ti ń tò láti wọ ọkọ̀.

"Munich ń retí èsì mi. Wọ́n ní kí n dáhùn kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí."

"O fẹ́ lọ?"

"Kí ni mo fẹ́ dúró ṣe? Ẹlòmíràn lẹ ti ṣèlérí àyè yẹn fún. Èmi ni ẹ̀yà ẹ̀gbẹ́ àpótí, Chiraz. Mo kàn tètè jí ni. Ẹni tó ni ọ̀nà ti ń bọ̀, ó yẹ kí n dìde fún un."

Ojú Chiraz kún fún omi, ṣùgbọ́n ìbínú ló tì í jáde.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kò sẹ́ni tó dáhùn, o tún lọ dáhùn fúnra rẹ. Odindi kánẹ́lì lo tún ṣe, o ò rí ara rẹ tún ṣe!"

"Sọ fún mi nígbà náà, olólùfẹ́ mi. Àyè ta ni?"

"Èmi? Kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ bí ẹni tó ń polówó ẹja?" Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ojú méjì lo ní, Wajdi. Wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Wá dágbére fún Bàbá bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí o máa lọ síbi tó bá wù ọ́."

*

Mehrez ti dé kí Wajdi tó débẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọkùnrin oníkùn ńlá ni, ohùn rẹ̀ dé ojú ọ̀nà kí Wajdi tó kan ilẹ̀kùn.

"Òun nìyí! Òun ló kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n màmá mi sínú gbogbo kọ̀ǹpútà ayé!" Ó gbá Wajdi mọ́ra débi pé egungun ń dún. "Látìgbà tí mo dé, Bàbá Lazhar ò sọ nǹkan mìíràn. Ẹja kan ò lè kọjá létí ọkọ̀ kó má sọ ọ́ fún un. Wá kí ìyàwó mi."

"Ìyàwó yín?"

"Giulia. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ wa ló gbọ́ jù."

Wọ́n gbé kúskús wọlé, ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tò sórí rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mehrez jókòó ti ìyá rẹ̀. Àyè àlejò tó wà lápá ọ̀tún Lazhar ni wọ́n fún Giulia, nítorí òun ni àlejò. Gbogbo wọn jókòó tán.

Wajdi nìkan ló ṣẹ́kù lórí ìdúró. Tìmùtìmù igun náà ṣì ṣófo.

"Àyè ta nìyí?" ni ó bèèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ń wò ó. Chiraz gbójú sókè, ó gé ètè jẹ bí ẹni tó fẹ́ sunkún tó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wajdi wo àyè náà. Ní tòótọ́, kò tíì wò ó rí, ẹni tó rò pé ó máa jókòó síbẹ̀ nìkan ló ti ń wò. Igun apá òsì ni. Ògiri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì, kò sí ìhà ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ìgbọ̀nwọ́ lè gbá. Lápá òsì ni ife wà. Lápá òsì ni ṣíbí wà pẹ̀lú, tí gbogbo ṣíbí yòókù lórí tábìlì sì wà lápá ọ̀tún.

Nínú ilé yẹn, kò sí alòsì kankan.

Ó wo Chiraz. Chiraz mi orí, kì í ṣe òun, ó sì fi ẹnu júwe bàbá rẹ̀. Lazhar ń gé búrẹ́dì lọ, kò gbójú sókè, ọkùnrin tó jẹ́ pé láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ló ti ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi ọwọ́ òsì jẹ ọ̀pọ̀tọ́.

Wajdi kọjú sí Lazhar.

"Bàbá," ni ó wí, "ìyá mi fẹ́ wá kí yín. Tẹ́ ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lazhar gé búrẹ́dì tó tóbi jù, ó nà án kọjá tábìlì sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Oúnjẹ ń tutù, alòsì."

Wajdi jókòó. Ó mú ṣíbí náà níbi tí wọ́n fi í sí, ó bu kúskús, ó gbé e sẹ́nu. Ẹyọ kan kò dà sílẹ̀.